Àjà ìta wa kò jìn nínú: irú iná wo ló lè wọ̀ ọ́?

Ọmọ Aláṣọ (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Àìkú, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ yín ni mo ń wá, ẹ jọ̀wọ́.

Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta là ń parí lọ́wọ́ lágbègbè Under G. Páànù ti wà lórí, fáṣíà tó dí etí òrùlé níwájú ti yí i ká, ṣùgbọ́n a ò tíì kan PVC, ìyẹn pátákó rọ́bà, sí àjà ìta tó wà lábẹ́ etí òrùlé. Etí òrùlé wa kò yọ jìnnà sí ògiri, íǹṣì 14 ni. Mo fi tẹ́ẹ̀pù wọn inú rẹ̀ láti ibi tí PVC máa jókòó sí títí dé abẹ́ páànù. Lẹ́bàá ògiri, ó jẹ́ íǹṣì 5. Lẹ́bàá fáṣíà, íǹṣì 2 péré.

Iná tó wọnú àjà, tí kò yọrí síta, ni èmi àti ìyàwó mi fẹ́, kó máa tan ilẹ̀ yíká ilé lálẹ́. Àwọn POP light tí mo rí ní ìsọ̀ ní Takie, ẹ̀yìn wọn ga tó íǹṣì 4, gílóòbù kékeré ló sì ń wọ inú wọn. Oníwáyà wa ní kí n ṣáà rà á, pé òun á wá ọgbọ́n dá sí i tó bá débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń kọ mí lóminú. Irú wo ni kí n rà, ibo ni kí n sì fi sí, kí kápẹ́ńtà tó dé àjà pa?

OníWáyà Àrówómọlé, 8:05 alẹ́

Ilé á tura o. Ó dára bí ẹ ṣe béèrè nígbà tí àjà ṣì ṣí sílẹ̀.

Ẹ fi eléyìí tó ga sílẹ̀. Panel light pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà, èyí tí dráífà rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná di irú èyí tí LED lè lò, wà lọ́tọ̀ lẹ́nu wáyà. Ara iná yẹn kì í sábà nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kò tó íǹṣì kan àtààbọ̀. Ẹ ó wá ti dráífà sí apá ògiri, níbi tí àyè wà. 6W tó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó parí.

Kápẹ́ńtà Sábó, 8:31 alẹ́

Ọ̀gá mi oníwáyà, mo kí yín, àmọ́ kò tíì parí o. Ẹ ò mẹ́nu ba sípírínì.

Iná pẹlẹbẹ yẹn ní apá sípírínì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa ká a sókè kó tó lè gba inú ihò kọjá, lẹ́yìn náà ni á ṣubú lulẹ̀, tí á di orí PVC mú. Nígbà tí apá náà bá nàró, ó ń gùn tó íǹṣì 2 nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti rí. Ẹni tó bá lu ihò sẹ́bàá fáṣíà níbi tí íǹṣì 2 wà, orí sípírínì á gbá páànù, iná ò ní wọlé. Bí wọ́n bá fipá tì í, PVC á ya. Nípọn ara iná nìkan kọ́ lẹ máa wọ̀n, gíga sípírínì tó nàró ni. Ẹ tún yọ igi tí wọ́n máa kan PVC mọ́ kúrò nínú àyè yẹn, nítorí kò sí bí ihò ṣe lè bọ́ sórí igi.

Ti èmi ni pé kí ẹ sọ férémù àjà sílẹ̀ ní íǹṣì 2. Báwo ni fáṣíà yín ṣe fẹ̀ tó? Bó bá fẹ̀ dáadáa, ẹni tó dúró níta ò ní mọ̀ pé ẹ sọ nǹkan kan sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́, 8:50 alẹ́

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ṣé pẹrẹsẹ lẹ fẹ́ kan àjà náà ni, àbí kó máa dagun tẹ̀lé páànù? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Nílé àbúrò mi ní Apáàrà, wọ́n kàn án tẹ̀lé ìdagun òrùlé, gbogbo iná wá kọjú sí ògiri dípò ilẹ̀. Ojú wíńdò ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ lóru, ọ̀nà tí èèyàn ń tẹ̀ ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ adàgun, ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ ṣeé yí.

Ọmọ Aláṣọ, 9:12 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Pẹrẹsẹ ni, mà.

Kápẹ́ńtà Sábó, fáṣíà wa fẹ̀ ní íǹṣì 9. Mo pe kápẹ́ńtà wa lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní wíńdò kan wà lẹ́yìn ilé tí orí rẹ̀ sún mọ́ àjà jù, àti pé bí òun bá sọ ọ́ sílẹ̀ ju íǹṣì kan lọ, kò ní lè ṣí dáadáa. Íǹṣì kan ló gbà fún wa.

Kápẹ́ńtà Sábó, 9:26 alẹ́

Íǹṣì kan náà dára. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ láìtíì ka íǹṣì kan yẹn mọ́ ọn.

Láti ògiri dé fáṣíà, àyè yín ń dínkù láti íǹṣì 5 sí 2. Ní àárín gbùngbùn, íǹṣì 7 sí ògiri, ẹ ní íǹṣì 3 àtààbọ̀. Bí ihò iná bá fẹ̀ ní íǹṣì 4, etí rẹ̀ tó kọjú sí fáṣíà á wà ní íǹṣì 9 sí ògiri. Àyè ibẹ̀ ṣì lé díẹ̀ ní íǹṣì 3. Sípírínì á nàró níbẹ̀ láìgbá nǹkan kan. Bí ẹ bá wá fi íǹṣì kan tí ẹ sọ sílẹ̀ kún un, ara tù yín pátápátá.

Nǹkan kan tó kù: nígbà tí ẹ bá ń ti iná wọlé, ẹ jẹ́ kí apá sípírínì méjèèjì tò lọ ní gígùn ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹ bá yí i, tí apá kan kọjú sí fáṣíà, apá yẹn ló máa bọ́ síbi tó há jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, 10:03 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni mò ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ fólíteèjì kún un.

Lára páálí iná, ẹ máa rí lẹ́tà IP àti nọ́ńbà méjì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń dènà eruku, èkejì ń sọ bó ṣe ń dènà omi. IP20 kò ní ààbò kankan sí omi, inú ilé ló wà fún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ panel light pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún pálọ̀, IP20 ni. IP44 ò bẹ̀rù omi tó ń ta sí i láti ìhà yòówù. IP65 kì í gba eruku rárá, bí wọ́n bá sì fi ọ́ọ̀sì fọ́n omi sí i, kò ní wọlé. Etí òrùlé tó jẹ́ íǹṣì 14 kò lè dá òjò oníjì dúró, atẹ́gùn á gbé omi gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á tún dé. IP65 ni mo máa rà bó bá jẹ́ èmi ni.

Ní ti fólíteèjì, 230V ló yẹ kó máa wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bó ṣe ń já wálẹ̀ lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tanná. Ẹ ka ara dráífà. Èyí tí wọ́n kọ 85–265V sí á máa tàn bákan náà bí iná bá tiẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n kọ 220–240V nìkan sí lè máa ṣẹ́jú, tàbí kó má tàn rárá.

OníWáyà Àrówómọlé, 10:20 alẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ wa, o ṣeun, Ọlọ́run á fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n IP65 tí wọ́n ń kọ sára páálí, ti iwájú nìkan ni nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ojú tó kọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti wọnú àjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti dráífà lè jẹ́ IP20 síbẹ̀. Ẹ yí páálí, ẹ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké, bí ẹ ò bá sì rí i kà, ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Ibi tí ìyà ti ń jẹ iná ìta nìyẹn. Lówúrọ̀ tí ìrì bá sẹ̀ sí abẹ́ páànù, orí dráífà ló ń kán sí. Mo tú ọ̀kan wò nílé oníbàárà kan ní Òwódé: ẹsẹ̀ bàbà inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ọmọńlé kan ti gbẹ lé e lórí. Ojú iná náà ṣì ń dán bíi tuntun. Nítorí náà, bí dráífà bá jẹ́ IP20, inú àpótí rọ́bà kékeré tí omi ò lè wọ̀ ni kó wà, kí ẹ sì gbé àpótí náà sápá ògiri níbi tí íǹṣì 5 wà. Kí ihò tí wáyà ń gbà wọ inú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kó má kọjú sókè.

Màmá Tísà, Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú, ṣé dandan ni kó wọnú àjà? Gbogbo wàhálà yìí, nítorí kí iná má yọrí ni?

Àwọn iná róbótó kan wà tí wọ́n ń kàn mọ́ abẹ́ àjà, ara wọn ò yọ ju íǹṣì kan sí méjì lọ. Inú rẹ̀ ni dráífà wà, kò sí ohun tó máa jókòó lábẹ́ páànù. Ihò wáyà kékeré nìkan ló ń fẹ́. Ó wà tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ IP65, tẹ̀yìn tiwájú. Bó bá bàjẹ́, ẹ tú ìdè méjì, ẹ gbé òmíràn sí i. Èyí tó wà nílé wa ní Masífà nìyẹn, òjò ńlá ti pa á, kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá sì dúró lẹ́nu géètì, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wọnú.

Àwọn tó pẹlẹbẹ tó wọnú náà, ojú wọn máa ń tàn sí èèyàn lójú tààrà, nítorí gílóòbù wọn ò jìn sínú bíi ti àtijọ́. Ẹ má rò pé torí pé ó wọnú àjà, kò ní gún yín lójú.

Kápẹ́ńtà Sábó, 7:02 àárọ̀

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí i: PVC nìkan ò lè gbé iná tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Kí kápẹ́ńtà fi plywood pélébé sẹ́yìn rẹ̀ kó tó kan PVC, kí ìdè rí igi dì mú. Èyí tó wọnú náà, bí PVC bá rọ̀, ẹ fi òrùka plywood yí ihò ká látẹ̀yìn, kí sípírínì má fà á tẹ̀. Kí plywood náà má nípọn jù, torí sípírínì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́, 7:30 àárọ̀

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra funfun báláú tó jẹ́ 6500K o (nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ló ń sọ àwọ̀ iná). Ikán abìyẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, gbogbo wọn ló máa wá pàdé sẹ́nu ilẹ̀kùn yín, ìyẹ́ wọn á kún fèrèsé lówúrọ̀, ọmọńlé á sì tẹ̀lé wọn. Funfun tó ní àwọ̀ búlúù nínú ń fa kòkòrò ju aláwọ̀ ẹyin lọ. 3000K ni kí ẹ rà. Ó tún ń jẹ́ kí ọ̀dà ògiri rẹwà.

Bàbá Masífà, 8:44 àárọ̀

Mo fara mọ́ Àbẹ̀kẹ́ fún iwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé, ibi jẹnẹrétọ̀ àti kànga, èmi fẹ́ funfun, kí n lè rí ẹni tó bá fo fẹ́ńsì wọlé. Aláwọ̀ ẹyin ò mọ́lẹ̀ tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, 9:10 àárọ̀

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, àwọ̀ kọ́ ló ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lumen ló ń sọ ọ́. LED 6W kan lè fún yín ní bíi 500 lumen, yálà 3000K ni tàbí 6500K. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kéré. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé mọ́ sí i, 9W tàbí 12W ni kí ẹ rà, àwọ̀ lè má yí padà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ funfun lára ló ń rò pé ẹlẹ́yin ṣókùnkùn.

Bàbá Masífà, 9:37 àárọ̀

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo gba ti lumen. Àmọ́ bí mo bá ń wo àwọ̀ aṣọ ẹni tó ń sá lọ, funfun ni ojú èmi fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Ohun tó kan mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tí iná máa wà, torí iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi tọ́ ọmọ. Íǹṣì 7 sí ògiri sún mọ́ ògiri gan-an. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti òkè rọ sára ògiri láti ibi tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, á máa ya àmì bí ìdajì òṣùpá sára rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibi tí ọwọ́ bíríkìlà ti gbọ̀n nígbà tó ń rẹ́ ògiri, gbogbo wúúwúú, gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ símẹ́ńtì mọ́ lẹ́yìn tí oníwáyà fọ́ ọ, lálẹ́ ni wọ́n máa hàn, bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kò sẹ́ni tó rí wọn. Bí ẹ bá ní òkúta tàbí ògiri aláṣọ̀ṣọ́ níwájú, ìyẹn á dùn-ún wò, ẹ tiẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bó bá jẹ́ ògiri tí wọ́n rẹ́ lásán, ẹ ra iná tí ojú rẹ̀ jẹ́ funfun bíi wàrà, tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣù pọ̀, tí ó ń tàn káàkiri. Ẹ má ra èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ sójú kan tóóró.

Ẹ má sì tò ó yíká ilé bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀: ẹnu ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá wo àárín. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 láti ọ̀kan sí èkejì tó fún àjà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ yà á kúrò lójú wíńdò yàrá ìbùsùn. Àárín wíńdò méjì ni kó bọ́ sí. Súwíṣì iwájú yàtọ̀, tẹ̀yìn yàtọ̀.

Ọmọ Aláṣọ, 12:20 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún un kà pẹ̀lú ìyàwó mi. Bí a ṣe fẹ́ ṣe é nìyí: iwájú àti ẹnu ilẹ̀kùn, pẹlẹbẹ tó wọnú àjà, 3000K, 6W, ojú bíi wàrà. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ abẹ́ àjà, IP65, bí Màmá Tísà ṣe sọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju 12 lọ.

Ìbéèrè méjì ló kù. Páànù yìí ń gbóná gan-an lọ́sàn-án, ṣé dráífà ò ní jóná? Ṣé ooru iná ò sì ní yọ́ PVC?

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, 12:41 ọ̀sán

Ooru ń dín ọjọ́ orí dráífà kù lóòótọ́, àmọ́ lálẹ́ ni iná ìta ń ṣiṣẹ́, páànù á ti tutù nígbà náà. Kí àpótí rẹ̀ má ṣáà kan páànù. PVC náà, LED 6W ò lè yọ́ ọ. Gílóòbù halogen 50W tó wà nínú àwọn tó ga yẹn ló ń sọ PVC di pupa, tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí mìíràn tí ẹ ò fi ní rà á nìyẹn.

12 lọ́nà 6W, 72W ni. Kò tó gúlóòbù àtijọ́ 100W kan ṣoṣo, ínfátà yín á gbé e.

OníWáyà Àrówómọlé, 1:15 ọ̀sán

Ètò yín dára. Ẹ fún oníwáyà yín ní àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí iná ìta ní bréékà tirẹ̀, 6A, kí wọ́n sì fi èyí tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò sílẹ̀ ṣọ́ ọ, 30mA. Wáyà 1.5mm ni kí wọ́n fà. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà pọ̀ mọ́ra tí wọ́n fi téèpù dúdú wé lábẹ́ páànù. Inú àpótí pẹ̀lú connector ni gbogbo oríkèé wáyà máa wà. Iná tí ara rẹ̀ bá jẹ́ irin gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀, àfi bí wọ́n bá ya igun mẹ́rin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, sára rẹ̀.

Níbi iná kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi wáyà tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ ká jọ lókè. Ọjọ́ tí dráífà bá bàjẹ́, ẹni tó wà lórí àkàbà á fa gbogbo rẹ̀ jáde látinú ihò, kò ní já PVC. Kí ẹ tó kan àjà pa, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà gbà, kí tẹ́ẹ̀pù hàn nínú fọ́tò náà.

Bàbá Masífà, 1:32 ọ̀sán

Kí wọ́n tó lu ihò kankan, ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ní alẹ́, kí ẹnì kan gbé e dúró mọ́ ibi tí àjà máa wà, kí iná wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín dúró lẹ́nu géètì wò ó. Ẹ sún un sọ́dọ̀ fáṣíà, ẹ sún un sọ́dọ̀ ògiri. Ohun tí ẹ máa rí lára ògiri lálẹ́ yẹn ju gbogbo àlàyé tí a ṣe lọ.

Ọmọ Aláṣọ, 2:05 ọ̀sán

A máa ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, sà. Ọjọ́rú ni kápẹ́ńtà ń bọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìdààmú o.

Màmá Tísà, 2:30 ọ̀sán

Àmín o. Bí ẹ bá ń ra ti iwájú tó wọnú àjà, ẹ ra méjì lé sí i, kí ẹ kó o pamọ́ pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ihò tí iná kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀ síra, kódà kí wọ́n jọ pe méjèèjì ní íǹṣì 4. Bí irú tiyín bá tán lọ́jà, èyí tí ihò rẹ̀ kéré á bọ́ sílẹ̀, èyí tó tóbi á gba kí ẹ tún PVC gé.